Ta ni Muhammad al-Kishnawi, ọmọ Katsina tó fi ayé rẹ̀ wá àṣírí òǹkà tí kì í yẹ̀?

Ní ọdún 1741, nínú ilé onímọ̀ kan ní ìlú Cairo, lórílẹ̀-èdè Íjíbítì, àlejò kan tó ti ilẹ̀ Hausa wá mí èémí ìkẹyìn. Ó ti pé ọdún mélòó kan tó ti fi Katsina sílẹ̀ lọ sí Mẹ́kà, kò sì padà délé mọ́. Ohun tó fi sílẹ̀ ni àwọn ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ní èdè Lárúbáwá, tí ọ̀kan nínú wọn dá lórí bí ènìyàn ṣe lè to òǹkà sínú àtẹ kan, tí àpapọ̀ wọn yóò fi jẹ́ ọ̀kan náà ní ọ̀nà gbogbo.

Muhammad ibn Muhammad al-Fullani al-Kishnawi ni orúkọ rẹ̀. Al-Fullani ń tọ́ka sí i pé Fúlàní ni, al-Kishnawi sì túmọ̀ sí ará Katsina. Àwọn ará Íjíbítì tún fi al-Sudani kún un, nítorí pé ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú, èyí tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní Bilad as-Sudan, ló ti wá.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí tírà tí àwọn àlùfáà ń kọ, tó sì ti ṣàkíyèsí àwọn ilé kéékèèké onígun mẹ́rin tí wọ́n fi òǹkà Lárúbáwá kún, ti rí díẹ̀ nínú ẹ̀ka ìmọ̀ tí ọkùnrin yìí gbájú mọ́. Ọ̀pọ̀ ló mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí oògùn. Fún Muhammad, ó jẹ́ ìmọ̀ tó ní òfin àti ìlànà, tí ènìyàn gbọ́dọ̀ kọ́ lọ́dọ̀ olùkọ́, kó sì fi sùúrù lò.

Katsina, ìlú àwọn onímọ̀

Nígbà tí wọ́n bí Muhammad, Katsina ti di gbajúgbajà láàrin àwọn ìlú Hausa. Ojú ọ̀nà òwò tó gba inú aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá ló wà. Iyọ̀, awọ, aṣọ àti àwọn ìwé Lárúbáwá ń gba ibẹ̀ wọlé, wọ́n sì ń gba ibẹ̀ jáde. Àwọn onímọ̀ náà ń bá àwọn oníṣòwò rìn. Ilé-ìṣọ́ gíga tí wọ́n ń pè ní Gobarau, tí wọ́n fi amọ̀ mọ, ṣì wà ní ìlú náà títí dòní gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ìgbà yẹn.

Òkìkí Katsina dé ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ọ̀kan nínú àwọn àgbà onímọ̀ ìlú náà, Dan Masani, kọ ìwé láti dáhùn ìbéèrè tí àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn Ìsìláàmù láti ilẹ̀ Yorùbá fi ránṣẹ́ sí i. Ìwé yẹn wà lára àwọn àkọsílẹ̀ tó pẹ́ jù lọ tí orúkọ Yorùbá ti hàn. Èyí fi hàn pé àwọn Mùsùlùmí Yorùbá ti mọ Katsina sí ibi tí wọ́n ti lè béèrè ọ̀rọ̀, kí wọ́n tó bí Muhammad.

Àgbègbè Dan Ranko, ní ilẹ̀ Katsina, ni wọ́n so orúkọ Muhammad mọ́. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ ju olùkọ́ kan lọ, lára wọn sì ni onímọ̀ kan tó ní àjọṣe pẹ̀lú ilẹ̀ Borno àti Bagirmi, lẹ́bàá adágún Chad. Yàtọ̀ sí ìmọ̀ òfin àti gírámà, ó tún kọ́ ìṣirò, ìmọ̀ ìràwọ̀ àti ìmọ̀ lẹ́tà, ìyẹn ẹ̀ka tó ń so lẹ́tà Lárúbáwá kọ̀ọ̀kan mọ́ iye òǹkà.

Ìrìnàjò tí kò ní àbọ̀

Gẹ́gẹ́ bí Mùsùlùmí tó gbọ́ràn sí ẹ̀sìn rẹ̀ lẹ́nu, Muhammad gbéra lọ sí Hajj. Ní ayé ìgbà náà, kò sí ọkọ̀ òfuurufú tó ń gbé ènìyàn láti Kano dé Jeddah láàrin wákàtí mélòó kan. Ẹsẹ̀ àti ràkúnmí ni wọ́n ń fi rìn ín, oṣù sì máa ń gorí oṣù lójú ọ̀nà. Àwọn kan máa ń dúró ní ìlú kan láti kọ́ ọmọ ní kéwú, kí wọ́n lè rí owó tí wọn yóò fi dé ìlú tó kàn. Ọ̀pọ̀ ló kú sójú ọ̀nà.

Ní nǹkan bí ọdún 1730 ni Muhammad dé Mẹ́kà. Níbẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìwé kan lórí tírà àti ìràwọ̀, èyí tó parí lẹ́yìn tó dé Cairo. Cairo nígbà náà wà lábẹ́ ìjọba Ottoman, mọ́ṣáláṣí Al-Azhar sì ń fa akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ra láti Moroko títí dé Síríà.

Ní Cairo ni ó ti pàdé Hasan al-Jabarti, ọkùnrin tó yí ìtàn ayé rẹ̀ padà. Wọ́n bí Hasan ní ọdún 1698, ìdílé rẹ̀ sì ṣẹ̀ wá láti agbègbè Etiópíà. Onímọ̀ ìṣirò àti ìràwọ̀ ni, ó sì fẹ́ràn àwọn ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn àkókò àti ojú ọ̀run. Hasan gba àlejò náà sílé. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ti di onímọ̀, ó jókòó gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́sẹ̀ ọmọ Katsina yìí, ó sì kọ́ ìmọ̀ lẹ́tà àti ti àtẹ òǹkà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Kí ni àtẹ òǹkà?

Ẹ mú bébà kan, kí ẹ ya àpótí onígun mẹ́rin sí i, kí ẹ sì pín in sí ilé mẹ́sàn-án: mẹ́ta ní ìbú, mẹ́ta ní òòró. Iṣẹ́ tó kù ni pé kí ẹ fi òǹkà 1 dé 9 sínú àwọn ilé náà, òǹkà kan fún ilé kan, láìlo èyíkéyìí lẹ́ẹ̀mejì. Àpapọ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, yálà ní ìbú, ní òòró, tàbí láti igun kan sí igun kejì tó dojú kọ ọ́. Bí ó ṣe lè rí nìyí:

4 9 2
3 5 7
8 1 6

Ẹ ro ó bó ṣe wù yín, 15 ni yóò máa jẹ́. Òǹkà 15 yìí ni òǹkà tí kì í yẹ̀ fún àtẹ náà. Kò sí ọgbọ́n tí ènìyàn lè ta tí yóò sọ ọ́ di 14 tàbí 16.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Bí ènìyàn bá ro òǹkà 1 dé 9 pọ̀, 45 ni yóò rí. Ìlà mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ pín 45 náà fún lọ́gbọọgba, nítorí náà 15 ni yóò kan ìlà kọ̀ọ̀kan.

Ilé àárín náà ní òfin tirẹ̀. Ìlà mẹ́rin ló gba àárín kọjá: ọ̀kan ní ìbú, ọ̀kan ní òòró, àti méjì láti igun dé igun. Àpapọ̀ ìlà mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 15 ni 60. Nínú 60 yìí, gbogbo òǹkà mẹ́sàn-án ti wọlé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó jẹ́ 45, òǹkà àárín nìkan ló sì tún wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí i. Ohun tó ṣẹ́kù ni 15. Bí wọ́n bá pín in sí mẹ́ta, 5 ló kù. Nítorí náà, kò sí òǹkà mìíràn tó lè jókòó sí àárín bí kò ṣe 5.

Yorùbá tó ń pe 15 ní ẹ̀ẹ́dógún ti ń fi àrún yọ nínú ogún kó tó dé ibẹ̀. Àrún yìí kan náà ló wà láàárín àtẹ náà.

Bí àtẹ náà bá ṣe ń fẹ̀ sí i ni òǹkà tí kì í yẹ̀ rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Onílé mẹ́rin ní ìbú ń mú 34 wá, onílé márùn-ún ń mú 65, onílé méje ń mú 175, onílé mẹ́sàn-án ń mú 369. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà rí gbogbo wọn. Ẹ mú òǹkà tó kẹ́yìn nínú àtẹ náà, kí ẹ fi òǹkà tó tẹ̀lé e sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ pín in sí méjì, kí ẹ sì tún fi iye ìlà pín in. Fún onílé márùn-ún, 25 lọ́nà 26 jẹ́ 650. Ìdajì rẹ̀ ni 325. Bí wọ́n bá pín 325 sí márùn-ún, 65 ni.

Ohun tí Muhammad kọ sínú ìwé rẹ̀

Ní nǹkan bí ọdún 1732 ni Muhammad kọ ìwé rẹ̀ lórí àwọn lẹ́tà àti àtẹ òǹkà. Orúkọ tí àwọn Lárúbáwá ń pe irú àtẹ bẹ́ẹ̀ ni wafq, ọ̀rọ̀ tó ń tọ́ka sí ìbáramu àti ìṣọ̀kan. Ìwé náà ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń to àwọn àtẹ tí iye ìlà wọn kò ṣeé pín sí méjì lọ́gbọọgba, bíi mẹ́ta, márùn-ún àti méje, ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà máa fi òǹkà ta tẹ́tẹ́.

Ó tún fi hàn pé àtẹ onílé mẹ́ta lè farahàn ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Bí ènìyàn bá yí bébà náà po, tàbí tó gbé e síwájú dígí, òǹkà yóò kúrò ní àyè wọn, ṣùgbọ́n 15 yóò dúró. Ìrísí mẹ́jọ ni àtẹ náà lè ní, gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sì jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Àwọn onímọ̀ ìṣirò òde òní ṣì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní irú ìyípadà bẹ́ẹ̀, lábẹ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun tó ń yí padà àti ohun tí kì í yí padà.

Ìwé náà kò fi ìṣirò nìkan mọ. Muhammad rọ akẹ́kọ̀ọ́ pé kó má ṣe jẹ́ kó sú òun, ó sì fi ìforítì rẹ̀ wé ti olólùfẹ́ tí kò jáwọ́ nínú ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́. Ó tún gbà á níyànjú pé kó máa ṣe iṣẹ́ náà ní ìkọ̀kọ̀, kó má sì máa pariwo àṣírí rẹ̀ káàkiri.

Ìmọ̀ràn kejì yìí ní ewu tirẹ̀. Ìmọ̀ tí wọ́n bá fi pamọ́ jù lè bá ẹni tó ni ín wọ sàréè. Ọkùnrin tó ní kí wọ́n pa àṣírí mọ́ ló sì jókòó, tó fi kálámù kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè kà á. Nítorí pé ó kọ ọ́ ni ayé fi mọ̀ ọ́n lónìí.

Ẹwà òǹkà àti ohun tó dúró fún

Kò sí ẹni tó lè sọ pé Katsina ni àtẹ òǹkà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Ṣáínà mọ àtẹ onílé mẹ́ta tipẹ́tipẹ́, wọ́n sì ní ìtàn àròsọ kan nípa ìjàpá tó gbé e jáde láti inú odò sórí ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn onímọ̀ Lárúbáwá àti Páṣíà gbé ìmọ̀ náà ga gan-an. Al-Ghazali, ògbóǹtarìgì onímọ̀ ẹ̀sìn tó kú ní ọdún 1111, mẹ́nu ba àtẹ onílé mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ohun tí àwọn ènìyàn ń lò fún aboyún tí ìrọbí bá nira fún.

Nínú ètò lẹ́tà Lárúbáwá, alif jẹ́ 1, ba jẹ́ 2, dal jẹ́ 4, waw jẹ́ 6, ha jẹ́ 8. Òǹkà 2, 4, 6 àti 8 ló wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àtẹ onílé mẹ́ta. Bí wọ́n bá kọ wọ́n ní lẹ́tà, wọn yóò di Buduh. Láyé àtijọ́, àwọn kan máa ń kọ ọ̀rọ̀ yìí tàbí òǹkà rẹ̀ sára lẹ́tà tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́, kó lè gúnlẹ̀ láyọ̀. Orúkọ Allah náà ní iye tirẹ̀, èyí tó jẹ́ 66. Wọ́n sì so àwọn àtẹ náà mọ́ ojú ọ̀run, tó fi jẹ́ pé àtẹ kọ̀ọ̀kan, láti onílé mẹ́ta dé onílé mẹ́sàn-án, ní pílánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, tàbí oòrùn, tàbí òṣùpá.

Kò yẹ kí èyí ya Yorùbá lẹ́nu. Ojú odù 16 ni Ifá ní, 16 lọ́nà 16 ló sì bí odù 256. Babaláwo mọ̀ pé iye yìí kì í dín, kì í lé, òun náà sì gbà pé ohun tó ju ìṣirò lọ wà nínú rẹ̀.

Àríyànjiyàn ti wà láàrin àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù nípa rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Àwọn kan fara mọ́ lílo àtẹ òǹkà fún ààbò àti ìwòsàn, àwọn mìíràn sì kọ̀ ọ́ pátápátá. Ìgbàgbọ́ ni ọ̀rọ̀ pé àtẹ lè wo àìsàn. Pé 4, 9 àti 2 jẹ́ 15 kò sí nínú àríyànjiyàn náà. Muhammad gbé ní ayé tí wọn kò tíì ya méjèèjì sọ́tọ̀, ọwọ́ kan náà ló sì fi di wọ́n mú.

Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yúróòpù

Ní àkókò tí Muhammad ń kọ ìwé rẹ̀ ní Cairo, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti Switzerland wá, Leonhard Euler, ń ṣiṣẹ́ ní ìlú St Petersburg lórílẹ̀-èdè Rọ́ṣíà. Euler ló jẹ́ kí lílo àmì π di mímọ̀ káàkiri. Ẹnu ìkòkò ni o, ẹnu kànga ni o, bí ènìyàn bá wọn àyíká rẹ̀, tó sì fi ìbú rẹ̀ pín in, 3.14159 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò rí. Òun náà ló fún òǹkà 2.71828 ní lẹ́tà e tí gbogbo ayé ń lò. Àwọn wọ̀nyí náà jẹ́ òǹkà tí kì í yẹ̀.

Ní ọdún 1776, nígbà tí Euler ti di arúgbó tí ojú rẹ̀ sì ti fọ́, ó gbé iṣẹ́ kan síwájú àwọn onímọ̀ ní St Petersburg lórí àtẹ òǹkà, ohun kan náà tí ọmọ Katsina ti kọ ìwé lé lórí ní ọdún mẹ́rìnlélógójì ṣáájú. Kò sí ẹ̀rí pé ọ̀kan mọ èkejì. Euler ní àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń tan iṣẹ́ rẹ̀ kálẹ̀. Ìwé àfọwọ́kọ àti ọ̀rẹ́ kan ni Muhammad ní.

Ikú àlejò, àti ọmọ tó kọ ìtàn rẹ̀

Inú ilé Hasan al-Jabarti ni Muhammad kú sí ní ọdún 1741. Ilẹ̀ Íjíbítì ni wọ́n sin ín sí, ó sì jìnnà púpọ̀ sí Katsina.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀ ni, orúkọ rẹ̀ ì bá ti parẹ́. Àmọ́ ní ọdún 1753, ọdún méjìlá lẹ́yìn ikú àlejò náà, Hasan bí ọmọ kan tó sọ ní Abd al-Rahman. Ọmọ náà dàgbà di òpìtàn tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ní Íjíbítì ìgbà náà. Òun ló fojú ara rẹ̀ rí bí àwọn ọmọ ogun Napoleon ṣe wọ Cairo ní ọdún 1798, tó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀.

Nínú ìwé ìtàn ńlá rẹ̀, Abd al-Rahman kọ ìtàn àwọn èèyàn pàtàkì tó kú lọ́dọọdún: gómìnà, ọ̀gágun, adájọ́, oníṣòwò. Láàrin wọn ló ti yọ àyè sílẹ̀ fún ọmọ Katsina tí kò fojú rí rí. Ó dárúkọ àwọn olùkọ́ rẹ̀, ó dárúkọ àwọn ìwé rẹ̀, ó sì ròyìn ìrìnàjò rẹ̀. Hasan kú ní ọdún 1774, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ti gbọ́ tó nípa olùkọ́ baba rẹ̀.

Ẹ̀dà ìwé Muhammad lórí àtẹ òǹkà wà ní London, ní ilé-ẹ̀kọ́ SOAS tó ń rí sí ẹ̀kọ́ nípa Éṣíà àti Áfíríkà. Ní ọdún 1973, òǹkọ̀wé ọmọ Amẹ́ríkà, Claudia Zaslavsky, ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ nínú ìwé Africa Counts, èyí tó dá lórí ìṣirò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Láti ìgbà náà ni àwọn olùkọ́ ní onírúurú orílẹ̀-èdè ti ń dárúkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní àtẹ òǹkà.

Ọmọ iléèwé tó bá fi bíírò ya ilé mẹ́sàn-án sẹ́yìn ìwé rẹ̀ lónìí, ì báà jẹ́ ní Ìlọrin, ní Porto-Novo tàbí ní Angondjé lẹ́yìn ìlú Libreville, yóò gbìyànjú, yóò pa á rẹ́, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá fi sùúrù ṣe é, 5 ni yóò bá ní àárín, 15 ni yóò sì rí ní ọ̀nà gbogbo, gẹ́gẹ́ bí Muhammad ti rí i ní Cairo ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn.